Mọ́tò Bàbá Mi, Ẹ́ńjìnnì Ìyá Mi

Nílé tiwa ní Ṣakí, àkùkọ kọ́ ló ń jí wa. Kí àkùkọ tó na ọrùn, Àlàbá á ti sọ̀rọ̀. Á kọ́kọ́ wúkọ́, á dákẹ́ bí ẹni tí kò ní dìde mọ́, ìyá mi á bú u ní èébú àárọ̀, ìgbà náà ni á wá bú ramúramù tí àwo tánganran Ìyá Àgbà á máa jó lórí pẹpẹ. Àlejò tó bá sùn sílé wa á fò dìde, á ní, "Kí nìyẹn o?" Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á dá a lóhùn láti orí ẹní pé, "Àlàbá ni. Ẹ máa sùn." Àlejò á tún dùbúlẹ̀, á máa ro irú ọmọ tó ń ké báyẹn. Àlàbá kì í ṣe ọmọ. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni, ẹ́ńjìnnì kékeré oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò bàbá mi ló wà tẹ́lẹ̀, kó tó wá di ẹni tí ń lọ èlùbọ́ fún ìyá mi. Àwọn ọmọ tí mo bí ń sọ ìtàn rẹ̀ kiri, wọ́n sì ń sọ ọ́ lódì. Wọ́n ní bàbá mi yọ ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀ fi lọ èlùbọ́ nítorí pé kò gbọ́n. Irọ́ ni. Bàbá mi gbọ́n. Fáàrí ló pọ̀ lára rẹ̀.

Àgbẹ̀ oníṣu ni. Bàbá Sìkírá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí Sìkírá ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́bí rẹ̀. Lọ́dún tí iṣu ta dáadáa, ó lọ ra tòkunbọ̀ kékeré kan, aláwọ̀ ewé, tí orí rẹ̀ rí roboto bí orí ìjàpá. Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ náà lọ, bàbá mi kò fi ẹnu kí èèyàn mọ́. Fèrè ló ń tẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ fún Ìmáàmù, ó ń tẹ̀ ẹ́ fún ewúrẹ́, bó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé, tí kò sí ẹnikẹ́ni níta, á tẹ̀ ẹ́ fún ara rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jókòó níwájú, àwọn ìbátan ń jókòó lẹ́yìn. Ìyá mi nìkan ni kò jókòó níbì kankan. Ọmọ Ògbóòro ni ìyá mi. Gbodo, iṣu gbígbẹ tí a ń lọ̀ di èlùbọ́, ni òwò rẹ̀, Ògbóòro náà ló sì ti ń lọ rà á. Nígbà tó kọ́kọ́ ní kí bàbá mi fi mọ́tò gbé òun débẹ̀, bàbá mi wo aṣọ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ìyá Sìkírá, ìwọ náà mọ̀ pé eruku gbodo kì í kúrò lára àga. Wọ ọkọ̀ akẹ́rù." Ìyá mi wọ ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí Iléyá dé, bàbá mi lọ ra àgbò, ẹ̀yìn mọ́tò ni àgbò jókòó sí wálé, ó yọ orí lójú fèrèsé bí olóyè. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà títí àgbò fi sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Alàgbà Àgbò, ẹ kú ìrìn o." Bàbá mi ní àgbò ò léruku. Ìyá mi kò bá a jiyàn. Kì í jiyàn, ó máa ń tọ́jú ọ̀rọ̀ pamọ́ ni.

Jíà mọ́tò náà ló kú. Ọ̀gá Mùfú, mẹkáníìkì tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀, rá wọ abẹ́ rẹ̀, ó jáde, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. Ó ní, "Bàbá Sìkírá, ẹ́ńjìnnì le koko, kò sóhun tó ṣe é, ṣùgbọ́n jíà ti lọ, n kò sì mọ ibi tí a ó ti rí irú rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò ṣe jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ògbólógbòó tó ń yí ẹ̀rọ èlùbọ́ ìyá mi náà fọ́, láàárín ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, nígbà tí apẹ̀rẹ̀ gbodo àwọn obìnrin àdúgbò ti tò láti ẹnu ilé ẹ̀rọ dé ìdí kànga. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi. Ó ní, "Olówó orí mi, ẹ yá mi ní ẹ́ńjìnnì tó jókòó lásán yẹn." Bàbá mi fò sókè. "Kí n yọ ọkàn mọ́tò mi kí o fi lọ èlùbọ́?" Ìyá Àgbà tó ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ọkàn wo? Òkú a máa ní ọkàn?"

Ọ̀gá Mùfú ló wá fi ọ̀rọ̀ tu bàbá mi lára. Ó ní kó má bẹ̀rù, pé ẹ́ńjìnnì náà kò dá wáyé, ó ní mọ̀lẹ́bí. "Àwọn méjì kan ló kọ́kọ́ jáde níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n jọra bí ẹní sọ́ ọ kà. Lẹ́yìn wọn ni èyí tó sanra díẹ̀ dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni eléyìí. Bákan náà ni ihò tí wọ́n fi ń dè wọ́n mọ́lẹ̀. Jíà èyíkéyìí nínú wọn, á wọ èyíkéyìí. Lọ́jọ́ tí a bá rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan níbì kan, mọ́tò yín á dìde." Ìyá Àgbà ti bí ìbejì rí, kò sì lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó dákẹ́. Ó fi ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó ń na ìka. "Àwọn méjì àkọ́kọ́, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Èyí tó tẹ̀lé wọn, Ìdòwú. Eléyìí, Àlàbá. Ẹ má pè é ní ẹ́ńjìnnì mọ́, ẹni tó lẹ́bí kì í jẹ́ nǹkan." Bí Àlàbá ṣe kúrò ní mọ́tò nìyẹn, tó lọ jókòó sórí kọnkéré nílé ẹ̀rọ ìyá mi, lẹ́yìn ògiri. Bẹ́líìtì gùn láti ara rẹ̀ dé ara ẹ̀rọ, ó sì ń lọ èlùbọ́ tó kúnná, tí ọkà rẹ̀ kì í ní kókó.

Mo fẹ́ kí ẹ rí bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọdún yẹn. Bó bá ti oko dé, tó wẹ̀ tán, á wọ inú mọ́tò tí kò ní nǹkan kan nínú, á ti ilẹ̀kùn, á di sítíárì mú. Á gbé rédíò sí ẹsẹ̀. Ìgbà mìíràn ojú rẹ̀ á jìnnà, ọwọ́ rẹ̀ á yí díẹ̀ sí ọ̀tún, a ó sì mọ̀ pé ó ti dé kọ́nà Àgọ́-Àrẹ. Kò sẹ́ni tó jẹ́ rẹ́rìn-ín sí i. Mo ń rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Adìẹ ọ̀pìpí kan tó jẹ́ ti Ìyá Àgbà náà ti rí i pé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣófo, òjò òun oòrùn kò débẹ̀, ó gba abẹ́ mọ́tò wọlé, ó sì ṣe é ní ilé.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé Gàníyù, ọmọ Ìsẹ́yìn kan, fẹ́ fẹ́ Sìkírá. Ọmọkùnrin náà dára, Sìkírá fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí a bá rán an ní iyọ̀ á bu ata wá. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti lọ sí ibi ìkómọ kan ní Ìsẹ́yìn, ó ti jẹun yó, ó sì ti la ẹnu níwájú Bàbá Gàníyù pé, "Mọ́tò mi ni n ó fi gbé ọmọ mi wá bá yín. Ọmọ mi ò ní wọ háyà." Bàbá Gàníyù nìyí, èèyàn tó kórìíra irọ́. Wọ́n ní ó ti tú ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ kan ká nítorí pé àwọn ará ilé ìyàwó ní àwọn ní màlúù, tó sì jẹ́ pé màlúù Fúlàní ni wọ́n ń nàka sí. Nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn àna ń bọ̀ wá kí wa, tí wọ́n sì fẹ́ wo mọ́tò náà, Sìkírá kò jẹun mọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún wọn kí wọ́n tó dé. Bí wọ́n bá fi ojú ara wọn rí i, wọ́n á kọ̀ mí." Bàbá mi ní, "Kí n sọ pé kí ni? Pé ìyàwó mi ń fi mọ́tò mi lọ èlùbọ́? Fi mí sílẹ̀, mo ní ọgbọ́n kan."

Ọgbọ́n náà rèé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín mọ́tò àti ilé ẹ̀rọ. Èmi á dúró sí àlàfo ògiri pẹ̀lú gèlè ìyá mi lọ́wọ́. Bí bàbá mi bá ti yí kọ́kọ́rọ́, n ó rẹ gèlè sílẹ̀, ìyá mi á ṣáná sí Àlàbá. Bó bá yọ kọ́kọ́rọ́, n ó gbé gèlè sókè, ìyá mi á pa á. Ìyá mi gbọ́ ọgbọ́n náà tán, ó ní, "Ẹ kú làákàyè o."

Àwọn àna dé, Bàbá Gàníyù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, ìyàwó rẹ̀, àti àwọn àgbà ilé wọn. A kí wọn kú ọ̀nà, wọ́n mu omi, wọ́n jẹ obì. Bàbá mi sì kó agbádá rẹ̀ wọ inú mọ́tò. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Mo rẹ gèlè sílẹ̀. Ẹ gbọ́, Àlàbá kò wúkọ́ rárá lọ́jọ́ yẹn. Ó ké lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo àgbàlá mì tìtì. Àwọn àna ní, "Alihamudulilahi!" Bàbá mi ń tẹ ẹsẹ̀, ó ń mi orí, ẹni bá rí i á rò pé ó ti ń sáré ní títì. Lẹ́yìn náà ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. Mo gbé gèlè sókè. Àlàbá ń ké lọ. Mo ju gèlè sọ́tùn-ún, mo jù ú sósì. Ìyá mi wò mí, ó sì fi àgbọ̀n rẹ̀ júwe Ìyá Ràfíù, oníbàárà rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ gbodo dé. Ìyá mi kì í fi epo ṣòfò. Bí iná bá ti wà lára ẹ́ńjìnnì, gbodo gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó da gbodo sí i, ohùn Àlàbá sì ki sí i, ẹ̀rọ ń rún un kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, eruku funfun dìde láti ẹ̀yìn ògiri, ó rọra ń bà lé fìlà àwọn àna.

Bàbá Gàníyù ní, "Àna mi, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín."

Bàbá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mọ́tò ṣì ń ké."

"Ẹ́ńjìnnì yẹn lágbára," bàbá mi ní, òógùn ti bò ó. "Kì í tètè gbọ́."

Bàbá Gàníyù gbọn eruku kúrò ní fìlà rẹ̀. Ó rìn lọ síwájú mọ́tò, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pìpí Ìyá Àgbà sàba sórí ẹyin níbẹ̀, ó wò ó, ó sì sọ ọ́ lọ́wọ́ jẹ. Àlàbá ń ké lọ lẹ́yìn ògiri. Mo rí Sìkírá lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ká ọwọ́ lérí. Bàbá Gàníyù ń fi ẹnu fa ìka rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, irú ẹ́ńjìnnì yìí, kí ló ń mu?"

Ìyá Àgbà ló dá a lóhùn, láìfi ṣe ẹ̀fẹ̀. "Àgbàdo ló ń jẹ."

Bàbá mi sọ̀kalẹ̀. Ó ṣí fìlà. N kò rí i kó ṣí fìlà fún èèyàn rí. Ó ní, "Àna mi, mo purọ́. Ẹ́ńjìnnì wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi, ẹ̀yìn ògiri lẹ ti ń gbọ́ ọ. Ẹnu mi ló ṣẹ̀. Ọmọ mi ní kí n sọ òótọ́, èmi ni mo kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹnu mi kọ ọmọ mi." Bàbá Gàníyù pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ó yí ògiri ká lọ sí ilé ẹ̀rọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó funfun láti irùngbọ̀n dé bàtà. Ó ní, "Oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Mo ti ń gbọ́ ohùn yẹn, mo ń sọ fún ara mi pé n kò lè ṣì í mọ̀. Irú rẹ̀ kan tó sanra jù ú lọ díẹ̀ wà lóko mi, omi ló ń fà sórí tòmátò fún mi. Ara mọ́tò tí mo ti yọ ọ́ wà lẹ́yìnkùlé mi." Ìyàwó rẹ̀, tó ti ń fi gèlè bo ẹnu látàárọ̀, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ tán, Bàbá Gàníyù. Ẹ sọ pé ẹ ti sọ fún gbogbo Ìsẹ́yìn pé ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ewúrẹ́ sì ti bímọ sínú rẹ̀." Bàbá Gàníyù wo ilẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i, àna mi, èmi tí mo ní mo kórìíra irọ́, n kò lójú tí n ó fi wò yín. Jíà tèmi pé. Ẹ wá mú un."

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀, Sìkírá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Àfi Ìyá Àgbà tó na ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró ná. Ìdòwú lẹ ń sọ yẹn. Bí Ìdòwú yín àti Àlàbá wa bá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ṣé kì í ṣe pé ìbátan ni wá? Ìbátan kì í fẹ́ra wọn nílé yìí o." Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àwọn àgbà jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan ní Ìdòwú àti Àlàbá kò gbé ilé kan rí. Òmíràn ní ìyẹn ò pa ìbátan rẹ́. Àgbàlagbà kan lára àwọn ará Ìsẹ́yìn ló parí rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀jẹ̀ la fi ń ṣe ìbátan. Ọ́ìlì ló wà lára àwọn wọ̀nyí." Ìyá Àgbà rò ó, ó ní ó dáa, wọ́n lè fẹ́ra.

Jíà dé láti Ìsẹ́yìn, ó sì wọ̀ bí Ọ̀gá Mùfú ṣe wí. Ó wá ku Àlàbá. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún ìyá mi pé kó ti ilé ẹ̀rọ pa nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bàbá mi kàn ń yí po ibẹ̀ ni, ó ń kí gbodo. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló mú sípánà fún Ọ̀gá Mùfú. Ó ní, "Ẹ tú u. Ọmọ mi ló ń lọ sílé ọkọ." Wọ́n rọra gbé ọ̀pìpí àti ẹyin rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó ṣépè fún gbogbo wa. Lọ́jọ́ ìyàwó, Ìyá Àgbà tún dí ọ̀nà. Ó ní níbo la ti ń rí bàbá ìyàwó tó ń sin ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ, pé àwọn obìnrin ilé ló ń sin ìyàwó, bàbá a máa dúró sílé. Òótọ́ ló sọ, bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é. Bàbá mi bọ́ agbádá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó dé kẹ́ẹ̀bù. Ó ní, "Ta ni bàbá ìyàwó? Dẹ́rẹ́bà ni mí."

Dẹ́rẹ́bà ló jẹ́ lóòótọ́. Ìyàwó àti àwọn obìnrin ilé há mọ́ ẹ̀yìn, èmi ọmọ ìyàwó wà níwájú pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Kí a tó jáde ní Ṣakí ni eruku èlùbọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ jáde láti gbogbo ihò mọ́tò. Gbogbo bí Ọ̀gá Mùfú ṣe fọ Àlàbá tó, èlùbọ́ ti wọ inú eegun rẹ̀. Ìgbà tí a fi dé Ìpàpó, ìyàwó funfun, ẹ̀gbọ́n bàbá mi funfun, àga tí wọn ò jẹ́ kí gbodo fara kàn funfun báláú. Rèdíétọ̀ hó, omi gbígbóná dà sórí ẹ́ńjìnnì, nígbà tí bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkà ló ti dì sára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú wò ó, ó ní, "Ó ku ọbẹ̀." Bàbá mi fi igi ha á kúrò, a bá ọ̀nà wa lọ.

Ní Ìsẹ́yìn, orin ti gba gbogbo ẹnu ọ̀nà àna wa. Kí wọ́n tó bu omi sí Sìkírá lẹ́sẹ̀ kó wọlé, ó yí padà, ó kúnlẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé mọ́tò. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ súre fún mi." Bàbá mi tẹjú mọ́ sítíárì. Ó ní, "Ẹ dìde, ìyàwó. Dẹ́rẹ́bà ni mí. Ẹ rọra, ẹ má fi orí gbá ilẹ̀kùn." Wọ́n mú un wọlé. Dẹ́rẹ́bà kì í wọlé, ó jókòó sínú mọ́tò, mo jókòó tì í. Gbogbo ojú rẹ̀ funfun, àfi ilà méjì tó ti ojú sọ̀kalẹ̀ dé àgbọ̀n. Mo ní, "Bàbá, ẹ ń sunkún." Ó ní òógùn ni.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé náà, tí kò mọ̀ ọ́n rí, gbé oúnjẹ wá fún un. Ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò yìí mà dára o, ta ló ni ín?" Láti ọjọ́ tó ti ra mọ́tò yẹn ni bàbá mi ti ń retí kí ẹnì kan bi í ní ìbéèrè yẹn. Mo dijú, mo ń retí fáàrí. Ó gba àwo, ó gbé e lé itan. Ó ní, "Ìyá ìyàwó ló ni ín. Èmi ń wà á fún un ni."

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi kí n tó bọ́ bàtà. Ó ń ro ọbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Ó sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní ó sọ bẹ́ẹ̀, fún àlejò. Ó tún ń ro ọbẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Mùfú dé pẹ̀lú sípánà láti dá Àlàbá padà sílé ẹ̀rọ, bàbá mi ló ránṣẹ́ sí i fúnra rẹ̀, àwọn oníbàárà sì ti tò. Ìyá mi jáde láti yàrá. Aṣọ tó wọ̀ kì í ṣe aṣọ ilé ẹ̀rọ. Ó ní, "Ọ̀gá Mùfú, ẹ ní sùúrù. Ògbóòro ni mò ń lọ." Ìyá Ràfíù pariwo pé, "Gbodo wa ńkọ́?" Ìyá mi ní kó dúró de òun.

Bàbá mi sáré lọ mú kẹ́ẹ̀bù. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó tẹrí ba bí dẹ́rẹ́bà olówó. "Màdáámú, ẹ wọlé." Ìyá mi wo àga ẹ̀yìn, ó wo bàbá mi.

Ó ní, "Ibẹ̀ ni àgbò ń jókòó sí."

Bàbá mi ti ilẹ̀kùn náà. Ó ṣí ti iwájú, ó bọ́ kẹ́ẹ̀bù rẹ̀, ó ń fi gbọn èlùbọ́ kúrò lórí àga, ó gbọ̀n ọ́n títí. Ìyá mi ní kó fi í sílẹ̀, eruku òun ni. Ó jókòó, ó tún ìró rẹ̀ ṣe. Bí wọ́n ṣe yí sójú ọ̀nà Ògbóòro, kí bàbá mi tó na ọwọ́, ìyá mi ti na tirẹ̀ sí sítíárì. Òun ló tẹ fèrè, kò sì gbé ọwọ́ kúrò títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́.